Ọdún 2025 lẹ́nu iṣẹ́ mi: ẹ jẹ́ n ṣírò

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún o, ẹ̀yin tèmi. Ilé ni mo wà níbí l'Ógbómọ̀ṣọ́, iná ò sí (ìyẹn kì í ṣe ìròyìn), ọyẹ́ ti ń fẹ́, mo ní kí n yáa ṣírò ohun tójú mi rí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún yìí kí àwọn àlejò Kérésì tó dé.

Oṣù kìíní ni mo kọ̀wé fiṣẹ́ olówó oṣù sílẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀, a ò jà, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta ni wọ́n jẹ mí, wọ́n san ọ̀kan, méjì ṣì wà lọ́rùn wọn. Rédíò mìíràn ni mo ti ń ka ìròyìn òwúrọ̀ báyìí, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ọjọ́ tó kù jẹ́ ti pèéjì ìròyìn Yorùbá tí mò ń ṣe lórí Facebook. Màmá mi ò tíì gbà pé iṣẹ́ nìyẹn o, tí wọ́n bá ti rí mi tí mò ń tẹ fóònù wọ́n á ní "o ò lọ síbi iṣẹ́ lónìí ni?" Láti 2024 ni Facebook ti ń sanwó fún àwa ará Nàìjíríà lóòótọ́, àmọ́ èyí tó tẹ̀ mí lọ́wọ́, ó ra dátà, ó ku díẹ̀ kó ra búrẹ́dì. Ìkéde òkú àti ìpolówó àgbo ló ṣì ń bọ́ mi.

Ọjọ́ tí mo gbádùn jù ni ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin, ìwúyè Aláàfin Owóadé l'Ọ́yọ̀ọ́. Aago márùn-ún ìdájí ni mo ti wọkọ̀, ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ yẹn ẹ mọ̀ ọ́n, ẹni tó bá jẹun kó tó gbà á ló fara ẹ̀ ṣe. Fóònù méjì ló wà lọ́wọ́ mi. Àwọn ará rédíò ń pariwo sí mi létí pé "kúrò nídìí ìlù yẹn, a ò gbóhùn ẹ!", àwọn tó ń wò mí lórí Facebook ń kọ ọ́ pé "sún mọ́ ìlù dáadáa jàre, kí lò ń sọ̀rọ̀ sí?" Bí mo ṣe ń sá lọ sá bọ̀ láàárín onídùndún àti ògiri nìyẹn títí bátìrì fi kú.

Wàyí o, àṣìṣe mi. Olórí àwọn obìnrin aláta ní Sábó ṣe fóòsì nóòtì lọ́jọ́ Sátidé pé ọjà ò ní ná lọ́túnla. Alẹ́ Sọ́ńdè ló tó dé ọ̀dọ̀ mi, èmi náà bá ka ọ̀túnla tèmi látìgbà tí mo gbọ́ ọ, mo gbé e síta pé Túsìdé ni. Mọ́ńdè ni! Mo tún un ṣe lórí rédíò lọ́sàn-án Mọ́ńdè, mo pa ti Facebook rẹ́, àmọ́ wọ́n ti ya fọ́tò ẹ̀, ó ti wọ WhatsApp. Wọ́n ní ẹyin lohùn, tó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́, ti orí fóònù ò tiẹ̀ fọ́, inú fíríìjì ni wọ́n ń gbé e sí.

Ìyá kan gbé ata àti tòmátì lọ ní Mọ́ńdè, wọ́n bá ọjà ní títì, wọ́n gbé e padà, alẹ́ ọjọ́ náà lọmọ wọn fi fọ́tò yẹn hàn wọ́n, wọ́n ní áà, ọjọ́ méjì ni wọ́n fi tì í nìyẹn, wọ́n bá jókòó sílé ní Túsìdé. Ìgbà tó fi di Wẹ́sìdé omi ti ń jò lábẹ́ apẹ̀rẹ̀. Mo lọ bẹ̀ wọ́n. Mo kan ní "ẹ kú ọjà mà", wọn ò tíì wojú mi tí wọ́n fi ní "ohùn yìí! Ìwọ lo ba ata mi jẹ́." Mo dọ̀bálẹ̀. Wọn ò bú mi, wọ́n kàn ń ṣa èyí tó ti rọ̀ sínú báàgì, wọ́n ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Ọbẹ̀ ata la jẹ nílé wa fọ́sẹ̀ kan gbáko.

Láti ọjọ́ náà mi ò gbé fóòsì nóòtì ẹnikẹ́ni jáde láì pè é padà, ìyẹn sì ti jẹ́ kí pèéjì mìíràn ṣáájú mi gbé ìròyìn tó lẹ́ẹ̀mélòó kan, ó ń dùn mí, irọ́ ò sí níbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ìyá aláta pè mí, ọmọ wọn fẹ́ ṣègbéyàwó, wọ́n fẹ́ kí n bá wọn kéde ẹ̀. Mo ní ọjọ́ wo ni mà. Wọ́n ní "mú bírò. Má lọ sọ ọ̀túnla fún wọn o."