Johnson Wo Lèyí?

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wa dé ẹnu iṣẹ́ àkójọ ìwé àtijọ́, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí àṣìṣe tí èmi fúnra mi ṣe lọ́dún àkọ́kọ́.

Ìjọ kan ń ṣe àjọ̀dún ní Abẹ́òkúta níbí. Wọ́n ní ká bá wọn kọ ìtàn ìlú sínú ìwé tí wọ́n fẹ́ pín, ọ̀gá mi sì gbé e fún mi. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi kọ ọ́. Lójú ewé kejì, mo kọ ọ́ pé Samuel Johnson, àlùfáà tó kọ ìtàn Yorùbá, ló dá ìgbìmọ̀ Egba United Board of Management sílẹ̀ lọ́dún 1865. Wọ́n tẹ ìwé náà, wọ́n pín in. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, bàbá arúgbó kan gun àtẹ̀gùn wa wá, ìwé ọ̀hún lábẹ́ abíyá wọn. Bàbá ò pariwo. Wọ́n jókòó, wọ́n sinmi díẹ̀, wọ́n ṣí ojú ewé kejì, wọ́n wá fi èékánná àtàǹpàkò fa ìlà sábẹ́ orúkọ yẹn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, Johnson wo lèyí?"

Mi ò lésì. Johnson kan ṣoṣo ni mo mọ̀.

Ẹni tó dá ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀ ni George William Johnson, aránṣọ, ọmọ Sàró tó wá láti Freetown ní Sierra Leone. Òun ló ń rọ àwọn olóyè Ẹgbá pé kí ìlú ní ìjọba tó ń fi ìwé ṣiṣẹ́: kó máa gba owó bodè lórí ẹrù, kó ní ètò ìfìwéránṣẹ́ tirẹ̀, kó máa kọ lẹ́tà sí àwọn òyìnbó Èkó bí ìlú tó dá dúró. Baṣọ̀run Ṣómóyè ni wọ́n fi ṣe olórí, ṣùgbọ́n ọwọ́ Johnson ni gègé wà. Samuel Johnson wá ńkọ́? Ọdún 1846 ni wọ́n bí i ní Sàró. Tó bá di 1865, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, ó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ nílé ẹ̀kọ́ CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, nínú Abẹ́òkúta kan náà. Ẹ wo bó ṣe rí: Johnson méjì, ìlú kan, ọdún kan, ọmọ Sàró sì làwọn méjèèjì. Mo rí "Johnson", mo rí "Abẹ́òkúta", mo rí "1865", mo sì fi ẹni tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ dí àyè tó ṣófo. Ohun tí mo bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún nìyẹn. Orúkọ tẹ́ ẹ mọ̀ dáadáa ló máa ń tètè ṣì yín lọ́nà, torí pé ẹ ò ní wádìí rẹ̀.

Bàbá yẹn ò tíì parí. Wọ́n ń fi ìka ka àwọn yòókù fún mi. James Johnson, tí wọ́n ń pè ní Holy Johnson, tí CMS rán wá bójú tó iṣẹ́ ìjọ ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1877, tó ní kí àwọn onígbàgbọ́ tó ní ẹrú nílé dá wọn sílẹ̀, tí ọ̀rọ̀ náà le débi tí wọ́n fi gbé e kúrò lọ́dún 1880. Obadiah Johnson, dókítà oníṣègùn, àbúrò Samuel. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ parí ìwé ìtàn náà ní 1897, ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́ nílùú òyìnbó, ẹ̀gbọ́n sì kú ní 1901. Obadiah ló jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́kù, tó tún gbogbo rẹ̀ kọ, tí ìwé náà fi jáde ní 1921. Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá rí i níbì kan pé "Johnson ló kọ ọ́", ọwọ́ Johnson méjì ló wà nínú rẹ̀. Mi ò tíì dárúkọ Samuel Johnson ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n bí ní 1709, tó kú ní 1784, tó ṣe ìwé atúmọ̀ èdè lọ́dún 1755. Òun ni Google máa ń kọ́kọ́ gbé wá. Mo ti rí i tí wọ́n fi àwòrán rẹ̀, tòun ti wíìgì, sábẹ́ ìtàn Ọ̀yọ́.

Ọjọ́ Sátidé méjì ni mo fi gé ìwé pélébé pélébé, tí mo kọ orúkọ tó tọ́ sí wọn lára, tí mo ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n mọ́ ojú ewé kejì gbogbo ìwé tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ ìjọ náà. Ọ̀gá mi ò bá mi wí. Wọ́n kàn bá mi dé ìgò gọ́ọ̀mù nígbà tí mo parí.

Kí ló dé tí Johnson fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Àwọn èèyàn wa tí ọkọ̀ ojú omi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, tí wọ́n kó lọ sí Freetown, orúkọ òyìnbó ni wọ́n ń fún wọn nígbà ìrìbọmi, orúkọ míṣọ́nnárì tàbí ti ẹni tó ń ran iṣẹ́ ìhìnrere lọ́wọ́. Àjàyí tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣóògùn lọ́dún 1821 di Samuel Crowther lọ́dún 1825, torí pé Samuel Crowther kan ti wà, àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì ní Newgate ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Nígbà tí Àjàyí wá bá míṣọ́nnárì Henry Townsend dé Abẹ́òkúta lọ́dún 1846, kò tó oṣù kan tó fi rí ìyá rẹ̀, Àfàlà, lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ìyá ò mọ Samuel Crowther kankan. Àjàyí ló bí. Ìyá yìí ni mo máa ń rántí tí mo bá gbé káàdì tuntun tí a ń kọ orúkọ èèyàn sí síwájú, mo máa ń bi ara mi pé: orúkọ wo ni ìyá ẹni yìí ń pè é?

Síbẹ̀, orúkọ tí ìyá ń pe ọmọ náà kì í parí ọ̀rọ̀. Àjàyí ò lóǹkà, gbogbo ọmọ tó bá dojú bolẹ̀ wáyé ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Adé Àjàyí, ẹni 1929 sí 2014, kọ̀wé lórí Crowther àti àwọn míṣọ́nnárì: Àjàyí ló ń kọ ìtàn Àjàyí. Àwọn àgbà wa ti mọ èyí tipẹ́, ìdí rẹ̀ rèé tí wọ́n fi ń béèrè orúkọ, oríkì àti orílẹ̀. Ẹ lọ kí àgbàlagbà kan ní Ìtòkú, kẹ́ ẹ ní Adébáyọ̀ lorúkọ yín, wọn ò ní dúró níbẹ̀. Ọmọ ta ni? Agbo ilé wo? Aké ni àbí Òkè-Ọnà, Gbágùrá àbí Òwu? Ohun tó yẹ kó wà lórí káàdì yín nìyẹn, kẹ́ ẹ sì fi ọdún ìbí, ọdún ikú àti iṣẹ́ onítọ̀hún kún un. Bó bá jẹ́ "J." nìkan lẹ rí nínú ìwé, "J." náà ni kẹ́ ẹ kọ. Ẹ má bá òkú parí orúkọ rẹ̀.

Ìdílé tó ti gba àkókò lọ́wọ́ mi jù ni Ransome-Kútì. "Àlùfáà Ransome-Kútì" lásán ò tó. Ṣé Josiah ni, tí wọ́n bí ní 1855, tó lọ kọ orin ìsìn Yorùbá sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù lọ́dún 1922, àbí ọmọ rẹ̀ Israel Olúdọ̀tun, ọ̀gá àgbà Abeokuta Grammar School láti 1932 sí 1954? "Dókítà Ransome-Kútì" tún le ju ìyẹn lọ. Olíkóyè di mínísítà ètò ìlera lábẹ́ ìjọba ológun lọ́dún 1985. Àbúrò rẹ̀ Bẹ́kọ̀, dókítà lòun náà, ìjọba ológun sì tì í mọ́lé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nítorí ìjà ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Bẹ́ ẹ bá rí "Dr. Ransome-Kuti" nínú ìwé ìròyìn ìgbà yẹn, ẹ ka ìpínrọ̀ kejì àti ìkẹta kẹ́ ẹ tó mú bírò. Ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n kì í ṣe ohun tí a ń gbé ti ẹnìkan lé ẹlòmíì lórí.

Àwọn Olúṣẹ́gun ò nira tó bẹ́ẹ̀, wọ́n kàn pọ̀ ni. Lọ́dún 1999, Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ di ààrẹ, Olúṣẹ́gun Ọ̀ṣọbà di gómìnà wa ní Ògùn. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, ẹni tí wọ́n bí sí Abẹ́òkúta, ló gbá méjì nínú góòlù mẹ́ta tí a fi gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà lọ́wọ́ Algeria lọ́dún 1980. "Gómìnà Ṣẹ́gun" nínú ìwé ọdún 2008 lè jẹ́ Àgágù ní Oǹdó, ó lè jẹ́ Òní ní Èkìtì. Nígbà tó sì di oṣù kejì ọdún 2009, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn gba ipò lọ́wọ́ Olúṣẹ́gun Àgágù, ó fún Olúṣẹ́gun Mímíkò. Ẹ máa kọ orúkọ baba wọn, ẹ kọ oṣù, ó parí.

Lẹ́tà kan wà lórí tábìlì mi láti àárọ̀. Omi ti mu ọdún tó wà lókè rẹ̀. "Mr. Johnson" ni wọ́n kọ ọ́ sí, kò sí orúkọ àkọ́kọ́, ìlà kẹta sì mẹ́nu ba owó bodè. Mo ti fi pẹ́ńsùlù kọ àmì ìbéèrè sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà. Ẹ wá bá mi níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti jẹun ọ̀sán tán.