Ẹ béèrè ibi tí owó ìdápadà ti ń wá

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ máíkírófáínáǹsì, ìyẹn yíyá àwọn oníṣòwò kéékèèké lówó, ní Òṣogbo, wọn yóò kọ́ yín bí ẹ ó ṣe máa ka iye ẹni tó san. Ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ èmi ni pé ibi tí wọ́n ti rí owó ọ̀hún san ló yẹ ká máa wádìí.

Ní Ọjà Ọba tàbí Ìgbóǹnà, ẹgbẹ́ àwọn tó jọ yáwó, tí wọ́n dúró fún ara wọn, lè san pé pérépéré, kó jẹ́ pé ẹnì kan ti ta ọjà rẹ̀ lówó pọ́ọ́kú, òmíràn ti fi àjọ rẹ̀ dí i, ẹlòmíràn sì ti yáwó níbòmíràn, kójú má baà tì í níwájú àwọn tó dúró fún un. Nínú ìwé yín, gbogbo wọn ló ṣe dáadáa. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ ṣírò èlé fún wọn kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé. Ká ní ìyá aládìrẹ kan yá ₦100,000, tó ń san ₦5,000 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24. ₦120,000 nìyẹn, wọ́n á ní èlé 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ kìíní ló ti ń dá owó padà, èlé ò sì dín. Bí a bá ṣírò rẹ̀ lórí gbèsè tó kù gan-an, ó sún mọ́ 79 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Ó yẹ kó gbọ́ ọ lẹ́nu yín.

Ọ̀rọ̀ àkókò ló máa ń dùn mí jù. Ìyá yìí á ra aṣọ, á fi ìda ya àrà sí i, á rẹ ẹ́ láró, á sá a, á wá máa retí oníbàárà. Nígbà mìíràn, àlejò ọdún Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ ló ń wò lójú. Bí sísan bá bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nínú owó tó yá náà ni yóò ti máa san. Ní Kolkata, ní India, àwọn olùwádìí fún àwọn obìnrin kan ní oṣù méjì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í san. Wọ́n kówó sí òwò ju àwọn yòókù lọ, èrè wọn sì ga jù lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Àwọn tí kò san gbèsè wọn tán lásìkò náà pọ̀ sí i o. Bí ẹ bá ń bẹ ọ̀gá yín fún irú ètò bẹ́ẹ̀, ẹ má fi ìyẹn pamọ́.

Ẹ má sì ṣèlérí pé ẹ̀yáwó á lé òṣì lọ. Ìwádìí mẹ́fà láti orílẹ̀-èdè mẹ́fà, Ethiopia àti Morocco wà lára wọn, jáde pa pọ̀ ní 2015. Àwọn kan rí i pé òwò gbòòrò, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó rí i pé owó tó ń wọlé fún ìdílé lápapọ̀ ga lọ́nà tó hàn gbangba.

Kí ẹ tó yá ẹnikẹ́ni lówó lẹ́ẹ̀kejì, ẹ dé ìsọ̀ rẹ̀. Bí ọjà ilẹ̀ bá kéré sí ti ìgbà tó kọ́kọ́ yáwó, gbèsè mìíràn kọ́ ló nílò. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì, ìbáà tiẹ̀ dín iye oníbàárà yín lóṣù náà kù.