Ọlọ́pàá Méjì Nínú Fíìmù, Èmi Nìkan ní Páálọ̀: Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà

Àwọn ará ilé mi gbà pé fíìmù ti fi Amẹ́ríkà hàn wọ́n tán, pàápàá irú fíìmù ẹlẹ́rìn-ín tí ọlọ́pàá méjì ti ń bára wọn fa ọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi jọ mú ọ̀daràn. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí. Nígbà tí àbúrò mi tún wo Rush Hour, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: "Àǹtí mi, ayé tẹ́ ẹ ń jẹ lọ́hùn-ún nìyẹn o! Ṣé ẹ̀yin náà ti rí Carter tiyín?" Eré ló ń ṣe, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà gún mi.

Ẹni tó bá ti wo fíìmù náà, tó jáde ní 1998, á mọ ìdí. Lee, ọlọ́pàá Hong Kong tí Jackie Chan ṣe, wá sí Los Angeles nítorí ọmọ aṣojú ìjọba Ṣáínà tí wọ́n jí gbé. Àwọn FBI, ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ò fẹ́ kó dá sí i. Ni wọ́n bá ní kí Carter, ọlọ́pàá Los Angeles tí Chris Tucker ṣe, máa gbé àlejò náà kiri kó má bàa dí wọn lọ́wọ́. Carter lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú. Wọ́n bú ara wọn, wọ́n jà, wọ́n jọ sá fún ọta ìbọn, kí wákàtí méjì tó pé wọ́n ti di ọmọ ìyá. Bí fíìmù ṣe ń parí, wọ́n ti jọ wọkọ̀ òfurufú lọ sí Hong Kong. Ibi tí irọ́ wà nìyẹn. Mọ́tò àti ilé gíga tí wọ́n ń rí wà níbí lóòótọ́. Ọ̀rẹ́ tí àlejò ń rí wẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ni kò sí.

Nílé, iná lè lọ, ariwo jẹnẹrétọ̀ lè bo ohun tí wọ́n ń sọ, kò sẹ́ni tó kàn. Páálọ̀ á ti kún. Ẹni tó ti wò ó rí á máa sọ ohun tó ń bọ̀, a ní kó panu mọ́, kò ní gbọ́. Ọmọdé kan á fi wá lọ́kàn balẹ̀ pé àkítọ̀ kì í kú. Bí orúkọ àwọn òṣèré bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá, kò sẹ́ni tó ń dìde, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi àwọn ibi tí wọ́n ti ṣàṣìṣe hàn.

Níbí, iná kì í lọ, tẹlifíṣọ̀n mi fẹ̀, fíìmù tó bá wù mí ni mo lè tẹ̀. Mo tún Rush Hour wò lálẹ́ ọjọ́ kan tí mi ò lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tó kan ibi tí àwọn méjèèjì ti ń kọrin tí wọ́n ń jó lójú títì, ẹ̀rín pa mí, mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti wo ẹni tá a jọ ń rẹ́rìn-ín. Ta ló wà níbẹ̀? Mo dá fíìmù dúró. Ó ṣe mí bíi kí n pe ilé, àmọ́ ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ni mò ń gbé, wákàtí 5 ni wọ́n fi ṣíwájú wa nígbà ooru, 6 nígbà òtútù. Oorun ti gbé gbogbo wọn lọ. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé, mo ti mọ̀ ọ́n báyìí.

Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, wákàtí 12. Ẹnì kan ò lè dá aláìsàn tó wúwo yí padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Èmi àti obìnrin kan la jọ máa ń ṣe é: á dúró lápá ọ̀tún, màá dúró lápá òsì, a ó di aṣọ tó wà lábẹ́ aláìsàn mú, a ó ka ení, èjì, ẹ̀ta, a ó sì fà á pọ̀. Ó máa ń mọ ìgbà tí ẹ̀yìn bá ń ro mí kí n tó lanu. Bí aláìsàn bá ń pariwo mọ́ mi, òun ló ń kọ́kọ́ wọlé. Tó bá ṣe ti fíìmù ni, ó yẹ ká ti di ọmọ ìyá. Àmọ́ tílẹ̀ bá mọ́, a ó jọ rìn débi tá a gbé mọ́tò sí, oníkálukú á wọ tiẹ̀. Mi ò mọ ilé rẹ̀, kò mọ tèmi. Mo ní kó wá ká jọ wo fíìmù. Inú rẹ̀ dùn, mo rí i lójú rẹ̀. Ó yọ fóònù, ó wo kàlẹ́ńdà, ó ní ó di oṣù tó ń bọ̀. Oṣù náà dé, wọ́n ti yí àkókò iṣẹ́ rẹ̀ padà. Mi ò bínú sí i o. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe, ó ń dá tọ́mọ. Ẹnikẹ́ni ò kórìíra ẹ níbí, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè ṣàdédé yà kí ẹ.

Àlejò nìkan kọ́ ló ń jẹ ìyà yìí. Ní 2023, Vivek Murthy, olórí dókítà ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, kéde pé ìdánìkanwà ti di ewu fún ìlera ará ìlú, pé ewu tó ń ṣe fún ẹ̀mí lè tó ti ẹni tó ń mu sìgá 15 lóòjọ́. Àwọn ọlọ́pàá gan-an ńkọ́? Ní ọ̀pọ̀ ìlú níbí, ọlọ́pàá kan ṣoṣo ló máa ń wà nínú mọ́tò tí wọ́n fi ń ṣọ́ ìlú. Tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń rí wọn lẹ́bàá títì, iná kọ̀ǹpútà ń tàn sójú ẹnì kan. Nílé, wọ́n máa ń pọ̀ lẹ́yìn Hilux. Ìyẹn ò ní kí tiwa dáa jù, ohun tójú àwọn ọ̀dọ́ rí lọ́wọ́ wọn ló fa ìwọ́de EndSARS ní 2020.

Wọ́n á ní kí ló dé tí mi ò padà sílé nígbà náà. Mi ò kábàámọ̀ pé mo wá. Nílé, mo ti dúró ti aláìsàn rí, tí mo mọ oògùn tó yẹ ẹ́, tí oògùn náà ò sì sí. Ohun tó lé mi kúrò nìyẹn, páálọ̀ tó kún ò sì lè tán an lára mi. Bí wọ́n bá tún fún mi ní físà lónìí, màá tún wá. Àbúrò mi náà lè máa bọ̀ tó bá wù ú. Mo ti sọ fún un pé màá bá a wá iṣẹ́, màá bá a wá ilé, màá sì dá sí owó ọkọ̀ rẹ̀. Ti ọ̀rẹ́ nìkan ni mi ò lè ṣèlérí fún un.