Pupa tó wà lẹ́nu ọ̀sà: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí àwọ̀ òkun

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ sídìí iṣẹ́ fífi sátẹ́láìtì wo àwọ̀ òkun yìí, àwòrán àkọ́kọ́ tí mo fi yangàn, irọ́ ló pa fún mi. Oṣù Kẹsàn-án ni, òjò ti rọ̀ bí ẹni pé kò ní dá mọ́. Mo gba àwòrán sátẹ́láìtì etíkun Èkó sórí kọ̀ǹpútà, mo fi SeaDAS, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe àwòrán àwọ̀ òkun, ṣe é títí ó fi di máàpù, ibi tí ọ̀sà ti ń wọ òkun sì pupa fòò. Lórí máàpù tiwa, pupa túmọ̀ sí pé chlorophyll pọ̀, ìyẹn ohun tó ń mú ewé jẹ́ àwọ̀ ewé, tó sì wà lára àwọn ewéko kéékèèké inú omi tí ojú lásán kò lè rí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ewéko ti gbilẹ̀ lẹ́nu ọ̀sà, pé ó yẹ kí oúnjẹ ẹja pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀gá tó ń kọ́ mi wo máàpù náà, kò bá mi wí. Ó kàn ní, "Ṣé o ti dé ibẹ̀ rí?"

N kò dé ibẹ̀ rí.

Ó bá bàbá apẹja kan sọ̀rọ̀, a sì wọ ọkọ̀ rẹ̀. Nígbà tí a dé ẹnu ibi tí omi méjèèjì ti pàdé, mo rí ìlà kan lójú omi, ó gùn lọ gbọọrọ, ìfófòó àti pàǹtírí ló tò sórí rẹ̀. Lápá òkun, omi dúdú bí aró. Lápá ọ̀sà, ó pọ́n bíi tíì tí wọn ò tíì bu mílíìkì sí, ẹrẹ̀ sì ń yí po nínú rẹ̀. Bàbá náà nawọ́ sí i, ó ní, "Omi òkè nìyẹn, ọmọ mi. Òjò Abẹ́òkúta lẹ̀ ń wò yẹn." Òótọ́ sì ni, nítorí Odò Ògùn gba Abẹ́òkúta kọjá kó tó tú sínú ọ̀sà.

A bu omi náà sínú ìgò, a gbé e sínú kúlà, a sẹ́ ẹ nígbà tí a délé. Fílítà tí a ń lò rí róbótó, ó funfun, kò ju owó wẹ́wẹ́ lọ. Bí ewéko bá pọ̀ nínú omi, fílítà á jáde ní àwọ̀ ewé. Tiwa jáde bí amọ̀. Ohun tó sì jọ mí lójú jù ni omi tó ti kọjá sísàlẹ̀: ẹrẹ̀ ti kúrò nínú rẹ̀, síbẹ̀ ó ṣì pọ́n díẹ̀. Nígbà tí a fi kẹ́míkà acetone yọ chlorophyll jáde tí a wọ̀n ọ́n, kò tó ìdajì ohun tí máàpù mi sọ.

Ẹ wo bó ṣe rí. Chlorophyll a máa gbé ìmọ́lẹ̀ búlúù mì, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kan àwọ̀ ewé. Nítorí náà, ìṣirò tí a ń lò jù ń fi búlúù wé àwọ̀ ewé: bí búlúù bá ṣe ń dín kù sí, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa sọ pé chlorophyll ń pọ̀ sí i. Àmọ́ ẹ ronú àgbo. Bí ewé bá ti rẹ sínú omi dáadáa, tí ẹ sẹ́ ẹ, kò sí ewé nínú rẹ̀ mọ́, síbẹ̀ omi náà pọ́n. Omi irà àti omi igbó tí òjò ń fọ̀ wọ ọ̀sà, àgbo gidi ni. Ó ń gbé búlúù mì bí chlorophyll ṣe ń gbé e mì, ìṣirò ò sì mọ ìyàtọ̀. Láti ọdún 1977 ni àwọn onímọ̀ nípa òkun, Morel àti Prieur, ti ya omi òkun jíjìn, níbi tí ewéko ti ń darí àwọ̀, sọ́tọ̀ kúrò lára omi bíi ti ẹnu ọ̀sà wa, níbi tí ẹrẹ̀ àti omi àgbo ti ń bá a dá sí i. Mo ti kà á kí n tó wọ ọkọ̀ yẹn, mo tiẹ̀ ti fi yege ìdánwò.

Ohun kejì tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí ni nọ́ńbà tó bá kéré ju òdo lọ. Nínú ìmọ́lẹ̀ 10 tó dé ojú sátẹ́láìtì lórí òkun, bíi 9 ló jẹ́ ti afẹ́fẹ́, kì í ṣe ti omi. A gbọ́dọ̀ yọ ti afẹ́fẹ́ kúrò, bí ẹni tó wọn gàrí tòun ti abọ́ tó wá yọ ìwọ̀n abọ́. Báwo la ṣe ń mọ ìwọ̀n abọ́? A gbà pé omi kì í dá ìmọ́lẹ̀ tó kọjá pupa, èyí tí ojú wa kò lè rí, padà rárá, pé ohunkóhun tí a bá rí níbẹ̀, ti afẹ́fẹ́ ni. Láàárín òkun, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ń dá ìmọ́lẹ̀ yẹn padà, ojú oró àti òṣíbàtà tó bo ọ̀sà sì ń dá a padà ju ẹrẹ̀ lọ. Ìṣirò á rò pé ti afẹ́fẹ́ ni, á yọ ju bó ṣe yẹ lọ, búlúù á sì já sísàlẹ̀ òdo. Akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ́dọ̀ mi rí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, ó pa ìlà náà rẹ́, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Inú mi bàjẹ́ gan-an lọ́jọ́ náà, nítorí nọ́ńbà yẹn gan-an ló fẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Ẹ má pa á rẹ́. Ẹ bi í léèrè ohun tó wà lójú omi lọ́jọ́ yẹn. Lásìkò ọyẹ́, ẹ bi í nípa eruku Sàhárà pẹ̀lú, nítorí òun náà ń gbé búlúù mì.

Ẹ má sì fi ipá dí ihò inú àwòrán, ìyẹn ibi tí ìkùukùu kò jẹ́ kí sátẹ́láìtì rí omi. Láti oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, tí omi tútù ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun Ghana àti Côte d'Ivoire, tí ẹja sàdíìnì ń pọ̀ lọ́hùn-ún, ìgbà náà gan-an ni ìkùukùu máa ń bo ojú ọ̀run. Máàpù oṣù kan lè jẹ́ iṣẹ́ ọjọ́ méjì péré. Ẹ ka iye ọjọ́ tó wà lábẹ́ píksẹ́lì, ìyẹn ẹyọ kékeré inú àwòrán, kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó sọ ohunkóhun nípa rẹ̀.

Bí mo ṣe ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ báyìí yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, a ò tan kọ̀ǹpútà. Àwo funfun tí a so mọ́ okùn ni a ń lò, irú èyí tí Angelo Secchi, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Ítálì, fi wo omi ní 1865: ẹ sọ ọ́ sódò, ẹ kọ ibi tó ti pòórá sílẹ̀. Ẹ kọ àwọ̀ omi sílẹ̀ ní Yorùbá, bí ẹ bá ṣe rí i. Ẹni tó bá kọ "ó rí bí omi ìṣanwọ́ alámọ̀" ti ṣe ju ẹni tó kọ nọ́ńbà tí kò yé e lọ. Lẹ́yìn náà la tó ń sọ ìtàn àwọn sátẹ́láìtì, láti CZCS ti 1978, ẹ̀rọ àwọ̀ òkun tó wà lórí sátẹ́láìtì Nimbus-7, tí wọ́n ní ọdún kan péré ló máa ṣiṣẹ́, tó sì ṣiṣẹ́ dé 1986, títí dé sátẹ́láìtì PACE tó gòkè ní oṣù Kejì ọdún 2024, tó ń pín ìmọ́lẹ̀ sí àwọ̀ tó ju 200 lọ. Mo ní ìrètí ńlá nínú PACE. Bí a bá rí àwọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí a lè ya omi àgbo kúrò lára ewéko láìṣì.

Títí dìgbà náà, omi inú ìgò la fi ń yẹ sátẹ́láìtì wò, àkókò sì ṣe pàtàkì níbẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ láàárín òkun sábà máa ń gbà á bí wákàtí mẹ́ta bá wà láàárín ìgò àti sátẹ́láìtì. Lẹ́nu ọ̀sà, wákàtí mẹ́ta ti pọ̀ jù. Omi máa ń fi nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà kún, á sì tún fi nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà fà, ìlà ìfófòó tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan á ti rìn jìnnà. Sátẹ́láìtì Sentinel-3 máa ń kọjá ní nǹkan bí aago 10 òwúrọ̀. Nítorí náà, ẹ ti bá ọlọ́kọ̀ sọ̀rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì ti fọ ìgò sílẹ̀. Kí aago 9 bá yín lórí omi.