Kẹ́ ẹ tó gbé fọ́ọ̀mù ìwádìí lọ bá àwọn akàndá ẹ̀dá

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe sọ́fè fún prójẹ́ẹ̀tì yín, tó jẹ́ pé àwọn táráyé kì í kà sí lẹ fẹ́ bi ní ìbéèrè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi kẹ́ ẹ tó jáde nílé.

Wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì nípa Tuskegee ní Amẹ́ríkà, bí wọ́n ṣe fi àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ní àrùn syphilis ṣe ìwádìí láti 1932 títí dé 1972, tí wọn ò sọ òótọ́ fún wọn, tí penicillin, oògùn tó ń wo àrùn náà, dé tán tí wọn ò tún fún wọn. Inú bí mi gan-an, àmọ́ mo ní lọ́kàn pé èmi kì í ṣe dókítà, ìbéèrè lásán ni tèmi, ta ni ìbéèrè máa ṣe ní nǹkan?

Màmá kan tí ò ríran ló kọ́ mi lọ́gbọ́n, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mi ò ní sọ àdúgbò, mo sì ti yí nǹkan díẹ̀ padà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ọmọ kékeré kan ló ń mú wọn lọ́wọ́, mo jókòó, ojú ọmọ yẹn ni mò ń wò, mò ń sọ fún un pé "bi màmá ẹ pé..." Màmá ní, "Ọmọ mi, etí mi ò di o, èmi ni kó o bá sọ̀rọ̀." Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n.

A dé orí ìbéèrè pé ṣé ẹnì kan ń fìyà jẹ wọ́n nílé, wọ́n ní rárá, kíá. Mo fi máàkì sí rárá. Ìgbà tí mo padà lọ, ọmọ ti lọ ra ẹ̀kọ, ó ku àwa méjì, wọ́n wá ní ọkùnrin tó gbà wọ́n sílé ló ń gba owó tí wọ́n bá rí lójúmọ́, ọmọ yẹn ló sì ń ròyìn gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu wọn fún un. Àyà mi já. Ká ní wọ́n sọ òótọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni wàhálà máa bẹ̀rẹ̀, èmi á wà ní yàrá mi ní Under G, màá máa to détà. Torí náà ẹ bi wọ́n, àwọn fúnra wọn, ibi tí wọ́n fẹ́ jókòó sí àti ẹni tí wọ́n fẹ́ kó gbọ́, tí kò bá sí ọ̀nà àtidá wà, ẹ fo ìbéèrè yẹn.

Ọ̀rọ̀ ìka títẹ̀ tí wọ́n fi ń fi hàn pé àwọn gbà láti dáhùn náà ńkọ́? Mo gbé íǹkì jáde, bàbá kan ní wọ́n ti kọ orúkọ àwọn lọ títí, àwọn ò rí ìrẹsì. Mo dákẹ́, torí mo fẹ́ kí fọ́ọ̀mù mi kún, ó ṣì ń dùn mí di òní. Ẹni tó ń retí ìrẹsì ò tíì gbà láti dáhùn ìbéèrè, ìrẹsì ló gbà. Ní báyìí, kí n tó mú bírò ni mo ti ń sọ pé iṣẹ́ ilé-ìwé ni, kò sí ìrẹsì, ẹ lè ní rárá, màá sì ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n gbọ́ fún mi padà lẹ́nu ara wọn. Mo ti gbé íǹkì jù sílé.

Ẹ má sì rò pé ẹ ti fi wọ́n pa mọ́ torí pé ẹ ò kọ orúkọ. Bí àpẹẹrẹ, tẹ́ ẹ bá kọ "obìnrin, ò ríran, ọdún 52, Takie", ọlọ́kadà tó ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ mọ ẹni tẹ́ ẹ ń sọ. Òfin détà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 gan-an ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tó gba ìṣọ́ra jù. Mo yọ àdúgbò kúrò, mo sọ ọjọ́ orí di 50 sí 59. Súpáfáísọ̀ mi ní tébù tí mo to ìdáhùn wọn sí ti fúyẹ́ jù, mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kó fúyẹ́.