Ìmọ́lẹ̀ tí Kò Sí, tí Ẹ̀rọ Ń Kà

Nínú yàrá ìwádìí kékeré tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Yábàá, ìmọ́lẹ̀ bàìbàì tí iyanrìn ń tan nígbà tí a bá fi ooru tàbí iná mìíràn ru ú sókè kì í dà mí láàmú tó èyí tí kò sí rárá. Ẹ̀rọ tí a fi ń kà á, èyí tí à ń pè ní photomultiplier, a máa ka iye kan sílẹ̀ kódà nígbà tí òkùnkùn biribiri bá wà nínú rẹ̀. Ooru ló sábà máa ń fà á: ooru a máa já ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ìyẹn ẹyọ iná tín-ín-tín, kúrò lára awọ tó ń gba ìmọ́lẹ̀, agbára iná tó tó nǹkan bí 1,000 fóólítì a sì sọ ẹyọ kan ṣoṣo yẹn di àìmọye, tí ẹ̀rọ kò fi ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí èyí tí ìmọ́lẹ̀ gan-an mú wá.

Ẹ wá wo ooru Èkó nínú oṣù Ẹrẹ́nà! Bí iná bá lọ, tí ẹ̀rọ amúlétutù sì dákẹ́, iye òkùnkùn, ìyẹn iye tí ẹ̀rọ ń kà láìsí ìmọ́lẹ̀, yóò gòkè. Ọ̀rinrin náà a máa jẹ́ kí iná jò nídìí ẹ̀rọ.

Mo jẹ̀bi tèmi náà. Lọ́jọ́ kan, mo gbàgbé ojú ẹ̀rọ náà ní ṣíṣí lábẹ́ iná yàrá; ọpẹ́lọpẹ́ pé mo ti pa á, ṣùgbọ́n ó gba ọ̀pọ̀ wákàtí nínú òkùnkùn kí iye rẹ̀ tó wálẹ̀. Nísinsìnyí, mo máa ń kọ́kọ́ ka òkùnkùn, n ó sì yọ ọ́ kúrò nínú èsì. Síbẹ̀, yíyọ yìí kò mú ségesège rẹ̀ kúrò, nítorí pé òkùnkùn tó ka 100 lẹ́ẹ̀kan lè ka 90 tàbí 110 lẹ́ẹ̀kejì.