Ẹ̀rí Ìdúpẹ́: Ajá Méjì, Ológbò Kan, Awakọ̀ Kan, láti Ìbàdàn dé Kúbwà

Ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga. Ajá méjì àti ológbò kan ti Ìbàdàn dé Kúbwà l'Ábùjá láàyè, nínú ọkọ̀ tí ẹnì kan ṣoṣo wà, nínú oṣù kẹta tí ooru Lọ́kọ́jà kì í ṣeré. Ojú ọ̀nà ò mu ẹ̀jẹ̀ wa, táyà ò bẹ́, ajínigbé ò rí wa, ẹran kankan ò kú sí wa lọ́wọ́. Àwọn kan á bi mí pé kí ni ti ajá àti ológbò nínú ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́. Ìwé Òwe 12:10 ti dá wọn lóhùn pé olódodo a máa náání ẹ̀mí ẹran ọ̀sìn rẹ̀. Nítorí náà n ó dúpẹ́ ní kíkún, n ó sì sọ ohun tí Ọlọ́run lò láti fi pa wá mọ́, torí ọ̀pọ̀ ará wa ló ń kó wá sí Àbújá tí wọ́n ń fi ẹran ọ̀sìn wọn sílẹ̀ fún aládùúgbò, tàbí tí wọ́n ń pàdánù rẹ̀ lọ́nà.

Ooru ló ń pa ẹran lójú ọ̀nà yìí. Ọ̀nà náà ju 500 kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n jíjìn rẹ̀ nìkan kì í pa ajá. Ajá kì í làágùn bíi tiwa. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń làágùn díẹ̀. Ahọ́n tó yọ síta, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ló fi ń mú ara rẹ̀ tutù. Tí afẹ́fẹ́ tó ń fà sínú bá ti gbóná, mímí yẹn ò ràn án lọ́wọ́ mọ́. Ọkọ̀ tí a pa sínú oòrùn nígbà tí ìta jẹ́ 30°C lè dé nǹkan bí 40°C nínú láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fèrèsé tí a ṣí díẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ yí i padà.

Ibẹ̀ gan-an ni ìdánwò ẹni tó dá wakọ̀ wà. Tí èèyàn bá jẹ́ méjì, ọ̀kan á sọ̀ kalẹ̀ lọ tọ̀, ìkejì á jókòó ti ẹran pẹ̀lú AC. Ẹni tó dá wà ò ní ìkejì. Gbogbo ètò ìrìn àjò rẹ̀ gbọ́dọ̀ dá lórí òfin kan: ẹran ò gbọdọ̀ dá wà nínú ọkọ̀, ì báà ṣe ìṣẹ́jú márùn-ún. Oúnjẹ awakọ̀ wà lórí àga iwájú láti ilé: mọ́ínmọ́ín, búrẹ́dì, ẹ̀pà, ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kò sí yíyà sí ilé oúnjẹ, bó ti wù kí ebi pa èèyàn tó. Ilé epo tó ní igi ìbòòji ni kí ẹ yàn fún ìsinmi. Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n yín, gbogbo yín lẹ jọ ń sọ̀ kalẹ̀: okùn ajá méjèèjì lọ́wọ́ ọ̀tún, àgò ológbò lọ́wọ́ òsì. Àwọn èèyàn á máa wò yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò. Nígbà tí wọ́n bá ń rọ epo, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ sọ gíláàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kalẹ̀, ẹ má kúrò níbi tí ẹ jókòó sí. Kí owó ti wà lọ́wọ́.

Kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ ajá sílẹ̀ lórí ọ̀dà, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ yín lé e kí ẹ ka ení, èjì títí dé eéje. Tí ọwọ́ yín ò bá lè gbà á, àtẹ́lẹsẹ̀ ajá náà ò lè gbà á. Orí koríko tàbí iyẹ̀pẹ̀ ni kí ó tọ̀ sí.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn dókítà ẹranko n'Ìbàdàn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi gbọ́dọ̀ ti wọlé sí ara ẹran ní oṣù kan ó kéré tán ṣáájú ìrìn àjò, torí ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ara tó kọ́ bí yóò ṣe bá àrùn náà jà. Ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, ẹ jẹ́ kó dàgbà ná. Ẹ bi dókítà léèrè bí wọ́n ṣe ń tọ́jú abẹ́rẹ́ náà: inú fíríìjì tó wà láàárín 2°C sí 8°C ló yẹ kó máa gbé láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, bíi ilé iṣẹ́ ìwádìí àìsàn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom tó ti wà láti 1924, títí dé inú abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀. Pẹ̀lú iná mànàmáná wa tó ń lọ tó ń bọ̀, ìbéèrè yìí ò kéré. Ẹ gba káàdì àjẹsára àti ìwé ìlera tó ní ọjọ́, òǹtẹ̀ àti orúkọ ẹran.

Ọ̀rọ̀ oògùn, mo bẹ̀ yín, ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ẹ má fún ajá ní oògùn oorun kó lè dákẹ́ lọ́nà. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ máa ń mú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí ara lè ṣàkóso ooru. Ajá tó dákẹ́ lẹ́yìn ọkọ̀ lè máa kú lọ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Tí ẹran yín bá máa ń bì nínú ọkọ̀, dókítà ní oògùn tó ń dá èébì dúró, tí wọ́n ń wọn ìwúwo ẹran kí wọ́n tó fún un. Parasitamọ́ọ̀lù ní tirẹ̀, májèlé ni fún ológbò. Ẹ̀dọ̀ ológbò ò lè tú u palẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò sì ní lè gbé afẹ́fẹ́ mọ́. Ìdajì ẹyọ kan lè pa á.

Oúnjẹ fúyẹ́ ní wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin ṣáájú kí ọkọ̀ tó gbéra ti tó. Lọ́nà, omi ni, díẹ̀díẹ̀, níbi ìsinmi kọ̀ọ̀kan. Ajá tó wọn kìlógíráàmù 25 máa ń mu bíi lítà kan àbọ̀ lójúmọ́ nígbà tí kò sí ooru. Nínú ooru ó lè ju ìlọ́po méjì lọ. Lítà 10 fún mímu àti 10 míràn fún dída sí wọn lára, ọ̀tọ̀ ni omi rédíétọ̀.

Ọ̀já àyà ni kí ẹ fi so ajá mọ́ bẹ́líìtì ìjókòó, kì í ṣe okùn ọrùn, torí bíréèkì òjijì kan lè ṣẹ́ ọrùn rẹ̀. Kí okùn náà kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní lè dé àga iwájú, kó sì gùn tó kó lè dùbúlẹ̀. Àgò ológbò gbọ́dọ̀ gbà á láti dìde, kó yí padà, kó sì nà. Ilẹ̀ ọkọ̀ lẹ́yìn àga iwájú ni ibi tí kì í ti í gbọ̀n jù. Ẹ da aṣọ fẹ́lẹ́ bo ìdajì rẹ̀, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni kí ẹ ti gbé àgò náà sí pálọ̀, ní ṣíṣí, kí ẹ máa fi oúnjẹ sínú rẹ̀, kó má bàa jẹ́ pé ọjọ́ ìrìn àjò ni ológbò máa kọ́kọ́ rí i. Nọ́ńbà fóònù yín gbọ́dọ̀ wà ní ọrùn ẹran kọ̀ọ̀kan.

Ọkọ̀ ló wá kàn. Lára táyà, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó parí àkọlé DOT: 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ojú rẹ̀ lè mọ́ kó sì ti gbó. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. Àárọ̀ tí táyà ṣì tutù ni kí fọganáísà wọ̀n ọ́n, àti táyà àfipamọ́ (sípíà) náà. Ṣùgbọ́n AC ni kókó, ó sì ní bí wọ́n ṣe ń dán an wò tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í ṣe. Tí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà ló ń tu àgbá AC tó wà níwájú rédíétọ̀, afẹ́fẹ́ á máa tutù nini. Tí ọkọ̀ bá dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, fáànù nìkan ló kù. Nítorí náà, ẹ dá ọkọ̀ dúró sójú kan lọ́sàn-án gangan, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí AC wà ní títàn fún ìdajì wákàtí. Tí afẹ́fẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ wọ́ọ́rọ́, fáànù ti rẹ̀, tàbí gáàsì ti lọ sílẹ̀, tàbí eruku ti dí àgbá náà. Ẹ tún un ṣe n'Ìbàdàn. Lọ́kọ́jà kì í ṣe ibi tí ẹ ti máa mọ̀.

Mo dúpẹ́ fún ojú ọ̀nà náà níbùsọ̀ níbùsọ̀. Ifẹ̀, Iléṣà, Àkúrẹ́, Ọ̀wọ̀, wọ́n rọ̀. Láti Ọ̀wọ̀ lọ, Àkùngbá, Ọ̀kà-Àkókó, Ìsùà, Ìbílò títí dé Òkènè, òkè àti kọ́nà pọ̀, tírélà sì máa ń pàdánù bíréèkì níbẹ̀. Ẹ fi jíà kékeré sọ̀ kalẹ̀, ẹ jìnnà sí ìdí tírélà, kí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ má sì ṣe tán lórí yín ní apá ibẹ̀. Nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni 122, ti pàjáwìrì ni 112. Ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, ẹ béèrè nípa omi Ọya àti Bẹ́núè kí ẹ tó gbéra: ní 2012 àti 2022, ìkún omi bo ọ̀nà Lọ́kọ́jà sí Koton Karfe mọ́lẹ̀, ti 2022 sì há ọkọ̀ mọ́ ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ẹran inú ọkọ̀ ò lè ye ìyẹn.

Níbi tí àwọn agbófinró bá ti dá yín dúró, ajá á gbó, ìbọn sì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ̀. Ẹ rọra dúró, ẹ sọ gíláàsì tiyín nìkan kalẹ̀, ọwọ́ méjèèjì lórí sítíárìn. Ẹ kí wọn, "Ẹ kú iṣẹ́, sà," tàbí tí wọ́n bá jẹ́ ará òkè ọya, "Sannu da aiki." Lẹ́yìn náà ni kí ẹ sọ pé ajá wà lẹ́yìn, a ti so wọ́n. Ìwé ọkọ̀ àti káàdì àjẹsára, ọ̀rá kan náà ni kí wọ́n jọ wà.

Ní ìwọlé Lọ́kọ́jà ni ìdánwò náà ti dé. Tírélà kan ti ṣubú níwájú, kò sẹ́ni tó ń lọ, kò sẹ́ni tó ń bọ̀, abẹ́rẹ́ ooru ẹ́ńjìnnì sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ohun tí wọ́n máa ń kọ́ awakọ̀ ni pé kó pa AC kó sì tan híítà, kí híítà lè fa ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Tí ẹran bá wà nínú ọkọ̀, ẹ má ṣe é láé. Ẹ yà kúrò lójú ọ̀nà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ má fọwọ́ kan ìdérí rédíétọ̀ títí yóò fi tutù, kí gbogbo yín bọ́ sábẹ́ igi.

Ajá tó dàgbà jù nínú àwọn méjèèjì ni ooru kọ́kọ́ mú. Itọ́ rẹ̀ ki, ahọ́n rẹ̀ fẹ̀ bí ewé, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́. Ẹ gbé ètè ajá sókè, ẹ fi ìka tẹ erìgì rẹ̀ títí yóò fi funfun, kí ẹ tú u sílẹ̀. Tí àwọ̀ rẹ̀ bá padà kí ẹ tó ka èjì, ó dára. Tí ó bá pẹ́, tàbí tí erìgì náà bá ràn bí ẹ̀jẹ̀, ẹ má dúró wá dókítà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ìtutù ni ìtọ́jú àkọ́kọ́. Tẹmómítà ìdí ló ń sọ òtítọ́. Ara ajá tó dá ṣáṣá wà láàárín 38.3°C sí 39.2°C, tó bá ti kọjá 40°C, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í da omi, tó bá dé 41°C, ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu. Ikùn, itan, abẹ́ apá àti àtẹ́lẹsẹ̀ ni kí ẹ da omi sí, kí ẹ sì máa fẹ́ ẹ láìdúró, torí atẹ́gùn lórí ara tútù ló ń gbé ooru lọ. Ẹ má fi aṣọ tútù bò ó mọ́lẹ̀. Ooru á há sábẹ́ rẹ̀. Omi lásán náà tó, ẹ má wá yìnyín kiri. Tó bá ti dé 39.5°C, ẹ dáwọ́ dúró, kó má bàa tutù jù. Nígbà náà ló lè mu omi díẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà bó ti wù kó dà bíi pé ó ti gbádùn, nítorí kíndìnrín àti ẹ̀jẹ̀ lè dàrú lọ́jọ́ kejì.

Obìnrin kan tó ń ta omi inú ọ̀rá níbẹ̀ fi ọ̀rá bíi mẹ́wàá da sí ajá náà lára kó tó ronú kan owó. Ọlọ́run á dá a lóhùn níbi tó bá ti ń ké pè é.

Lẹ́yìn afárá Murtala Muhammed ní Jamata, ọ̀nà ò le mọ́: Koton Karfe, Abaji, Kwali, Gwagwalada, Zuba, Dei-Dei, Kúbwà. Mo dúpẹ́ fún onílé tó gbà kí ajá wọ inú ọgbà rẹ̀. Ẹ gba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀ kí ẹ tó san owó ilé, torí ọ̀pọ̀ onílé l'Ábùjá kì í fẹ́ ajá. Oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ n'Ìbàdàn ni kí ẹ ṣì máa fún wọn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí wọ́n má bàa ṣu ṣọ̀ọ̀rọ̀. Ẹ yẹ inú etí àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ ajá wò fún eégbọn lójoojúmọ́. Ológbò ò gbọdọ̀ jáde fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, torí ó lè máa wá ilé àtijọ́ lọ. Tí kò bá jẹun fún ọjọ́ méjì, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, nítorí ọ̀rá máa ń dí ẹ̀dọ̀ ológbò tí kò jẹun. Tiwa jẹun. Ajá náà ti rí dókítà, kíndìnrín rẹ̀ dá ṣáṣá. Ẹ bá mi yin Olúwa.